Wọ́n fún àdúgbò wa nílẹ̀ láti fi ṣe ọgbà ìsinmi, kòmítì ti fẹ́ tú ká lórí ẹ̀, ẹ gbà mí

Ìyá_Ọlọ́gbà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, òní ni màá kọ́kọ́ bèèrè nǹkan, ẹ má bínú pé ó gùn.

Wọ́n fún wa nílẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò, kò tóbi púpọ̀, tí wọ́n bá to mọ́tò bí 20 síbẹ̀ ó ti kún nìyẹn. Igi ńlá méjì wà níbẹ̀, koríko bo ìyókù, ògiri àtijọ́ kan sì wà lápá ẹ̀yìn tó ti ń wó díẹ̀díẹ̀. Ohun tá a ní lọ́kàn ni pé ká sọ ọ́ di ọgbà tí àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé, àwọn tó ń gbádùn bọ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, á ti lè wá jókòó, kí wọ́n fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀, kí wọ́n gbin nǹkan kí wọ́n rí i pé ó hù. Èmi wá fi tèmi kún un pé kí ẹyẹ àti labalábá náà ríbi gbé torí síméńtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ tán lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni 9 ló wà nínú kòmítì wa, èrò 9 ló sì wà ńlẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀fọ́ nìkan ni ká gbìn torí òdòdó kì í yóni. Ẹnì kan ní òun ti rí oníkatakata tó máa fi ẹ̀rọ ńlá ẹ̀ ha gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ká gé igi, ká da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó parí. Alága wa ní tá a bá fi koríko kankan sílẹ̀, ejò á wọlé, ta ló sì máa dáhùn tí ejò bá bu aláìsàn jẹ? Bí mo bá wá dárúkọ omi báyìí, kódà kó jẹ́ abọ́ omi ẹyẹ, ẹ̀fọn ni wọ́n á fi dá mi lóhùn (wọn ò kúkú parọ́, ìyẹn ló ń dùn mí).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọgbà kan náà lè gba aláìsàn kó tún gba ẹranko, àbí ká mú ọ̀kan ká fi ọ̀kan sílẹ̀? Ẹ ṣé o.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Kú iṣẹ́ àbúrò mi, Ọlọ́run á bá yín ṣe é.

Mo pẹ́ gan-an ní wọ́ọ̀dù àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà ohun tójú mi rí ni màá sọ. Bàbá kan wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbé nǹkan mọ́, tí ẹni tó ń ṣe físíò bá gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà fún wọn pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ṣé ọmọdé lòun ni. Lọ́jọ́ kan a gbé ike kékeré 12 tí iyẹ̀pẹ̀ wà nínú ẹ̀ síwájú wọn, pẹ̀lú irúgbìn tòmátò nínú àwo. Ẹ mọ bí irúgbìn tòmátò ṣe kéré tó. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá jábọ́ wọ́n á bú u dáadáa, wọ́n á tún mú òmíràn, ó gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú 40, òógùn bò wọ́n. Lọ́jọ́ keje tí ewé méjì àkọ́kọ́ yọ, kò sẹ́ni tí wọn ò pè wá wò ó, títí kan ẹni tó ń nu ilẹ̀. Ọwọ́ tí kò fẹ́ tẹ bọ́ọ̀lù náà ni o.

Torí náà kẹ́ ẹ tó máa jà lórí òdòdó àti ẹ̀fọ́, ẹ lọ jókòó ti àwọn tó máa lò ó kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá wà lórí àga onítáyà, ọ̀nà tí kò bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 ò lè gbà á, ibi tó ti máa yí padà sì gbọ́dọ̀ tó mítà kan àbọ̀. Ebè tẹ́ ẹ bá fi pákó gbé sókè fún wọn, ẹ jẹ́ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 75, kí ìbú ẹ̀ má ju 60 lọ tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti ń nawọ́ sí i, 120 tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó ń dé náà nìyẹn. Ọ̀nà inú ọgbà, ẹ jẹ́ kó yí po kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí iyè wọn ti ń ra, tí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti pin, ńṣe ni wọ́n máa ń dúró síbẹ̀ tí wọ́n á máa wo ògiri, ẹ̀rù á wá bà wọ́n. Àga gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n á gbọ́wọ́ lé, ohun tí wọ́n á fi ti ara wọn dìde nìyẹn. Ike ìbomirin tó bá gba lítà 10, kílò 10 lẹ gbé lé àgbàlagbà lọ́wọ́ yẹn o, ẹ ra kékeré.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ gé igi, ẹ bá mi sọ fún un pé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde ní 1984 nípa àwọn 46 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ọsibítù kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Fèrèsé àwọn kan kọjú sí igi, ti àwọn tó kù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé ju àwọn tó kù lọ, oògùn ìrora tó lágbára tí wọ́n lò sì kéré. Èèyàn 46 ò pọ̀ o, kẹ́ ẹ má lọ fi pariwo lórí rédíò, àmọ́ wíwò lásán ni wọ́n ń wò ó yẹn, wọn ò tiẹ̀ jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin ní méjì tó ti dàgbà, ẹ wá fẹ́ gé e kẹ́ ẹ tó lọ ra agboòrùn? Háà.

Èyí tó kù, ẹ má kọ tẹ́rápì sára pátákó bí kò bá sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ láàárín yín. Ìgbafẹ́ dáa, ó ń ṣe ara lóore, àmọ́ tẹ́rápì yàtọ̀, ẹni tó ń ṣe é mọ ohun tó fẹ́ kí ọwọ́ yìí lè ṣe lóṣù tó ń bọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí pé ó ń gbin òdòdó kó lọ pa oògùn ẹ̀ tì.

Alágídí

Gbogbo ẹ̀ dùn létí. Ejò ńkọ́?

Mo wọ irú ọgbà "ìfọ̀kànbalẹ̀" yìí rí, ejò gbé orí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo jókòó sí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà, bàtà mi ẹsẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ dòní. Alága yín gbọ́n. Ẹ gbá gbogbo ẹ̀ mọ́, ẹ fi síméńtì sí i, ẹ to òdòdó sínú ìkòkò.

Ọ̀rẹ́_Lámilámi

@Alágídí ẹ lọ mú bàtà yín jàre 😂 ejò ò wọ nọ́ńbà yín.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ejò yẹn dáadáa torí òun ló ń ba irú nǹkan yìí jẹ́ níbi gbogbo. Ejò kì í tìtorí koríko wá, oúnjẹ ló ń wá pẹ̀lú ibi tó máa sá pamọ́ sí. Eku ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí ló ń pe eku? Ìyókù oúnjẹ, ọkà tẹ́ ẹ dà sílẹ̀ fún ẹyẹ tí ẹyẹ ò jẹ tán, pàǹtírí, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kó jọ láti ọjọ́ aláyé tẹ́nì kan ò yẹ̀ wò. Nítorí náà Ìyá_Ọlọ́gbà, ògiri tó ń wó yẹn ló yẹ kí alága yín máa bẹ̀rù! Ẹ tún un kọ́ tàbí kẹ́ ẹ wó o kẹ́ ẹ kó o kúrò, ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn tẹ́ ẹ bá ń kó o, ẹ má fi ọwọ́ ṣíṣí bọ ihò kankan. Koríko etí ọ̀nà, ẹ máa gé e mọ́lẹ̀, mítà kan lápá ọ̀tún mítà kan lápá òsì, kí ẹni tó ń rìn máa rí ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Àga, ibi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ ò lè bá ẹnikẹ́ni búra pé ejò ò ní wọlé láéláé, ilẹ̀ síméńtì gan-an kì í bá èèyàn búra ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe eléyìí, kò ní rí ìdí tó fi máa dúró.

Igun tó jìn sí àga jù lọ wá ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe èèyàn. Tiwa, "igun àìgbá" là ń pè é. Ìjà tá a jà lórí igun yẹn pọ̀. Ìyá kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé tó bá ti rí ewé nílẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ á máa yún un, ó máa ń jí wá gbá ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó dé, a bẹ̀bẹ̀ títí ó sú wa. Ohun tó dá a dúró ni igi ọsàn kékeré kan tó wà níbẹ̀. Ó rí nǹkan funfun àti dúdú lórí ewé, ó ní ìgbẹ́ ẹyẹ ni, ó fẹ́ fi omi ṣàn án, ìgbẹ́ ẹyẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìdin labalábá ni! Irú labalábá ńlá tó ń yé ẹyin sára ọsàn, ọmọ wọn máa ń fara jọ ìgbẹ́ ẹyẹ nígbà tó bá ṣì kéré kí ẹyẹ má bàa mú un jẹ, tó bá dàgbà á di àwọ̀ ewé, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ó máa yọ nǹkan bí ìwo méjì láti ẹ̀yìn orí, òórùn ẹ̀ á gba imú yín. Ìyá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́ láti wò ó. Ó gba ewé tí wọ́n jẹ lára igi yẹn láyè, ẹni tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ tí ihò kan bá wà lára ewé ẹ̀fọ́ ẹ̀, òun àti kẹ́míkà ni. Tí ẹ bá ń bèèrè pé ṣé ọgbà kan náà lè gba aláìsàn àti ẹranko, ìyá yìí ni màá fi dáhùn. Ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà yẹn ni.

Oyin náà. Oríṣi oyin tó wà láyé lé ní 20,000, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í gbé inú agbo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá gbé, púpọ̀ nínú wọn inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí, wọn kì í sì í dédé ta èèyàn. Torí náà ẹ fi ibi kékeré kan sílẹ̀ tí oòrùn ń pa, láìgbin nǹkan kan síbẹ̀, láìfi ewé bò ó. Òdòdó tẹ́ ẹ bá máa gbìn, ẹ mú èyí tó ṣí sílẹ̀ tí àárín ẹ̀ hàn, àwọn tí wọ́n ti sọ ewé òdòdó wọn di ìlọ́po méjì mẹ́ta yẹn lẹ́wà lójú wa, àmọ́ oyin ò rí ọ̀nà wọlé. Efinrin tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó yọ òdòdó, ẹ wá wo ariwo tí wọ́n á máa pa lórí ẹ̀ láàárọ̀.

Oògùn kòkòrò, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹyẹ tó jẹ́ pé ọkà ló ń jẹ gan-an, kòkòrò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bọ́ ọmọ. Tẹ́ ẹ bá pa kòkòrò tán, ẹ kàn ń gbé abọ́ omi kalẹ̀ fún àlejò tí kò ní bímọ síbẹ̀ ni.

Omi wá. Abọ́ omi ẹyẹ, ẹ máa da á nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ fọ abọ́ náà. Ó ń gba ẹ̀fọn tó ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ẹyin dórí tanwíjí títí tó fi máa fò, torí náà omi tí kì í dúró tó ọjọ́ mẹ́rin ò lè bí ẹ̀fọn. Adágún kékeré ni èmi fẹ́ràn jù (ẹ sáà rí orúkọ mi), torí ọmọ lámilámi inú omi ló ń gbé, tanwíjí ló sì ń jẹ, tó bá ti dàgbà ẹ̀fọn ni yóò tún máa lé kiri nínú afẹ́fẹ́. Àwọn kan á ní ẹ kó ẹja kékeré sí i. Ẹja á jẹ tanwíjí lóòótọ́, àmọ́ á jẹ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà pẹ̀lú, ẹ mú èyí tó wù yín. Ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ tẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ohun tó bá kó sínú ẹ̀ lè rìn jáde. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ẹ sọ, àwọn ọmọdé á máa wá, omi tí kò dé orókún lè pa ọmọdé. Tó bá jẹ́ èmi ni, abọ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ti adágún lè dúró di ẹ̀yìn ọ̀la tẹ́ ẹ bá rí owó wáyà tó nípọn tẹ́ ẹ máa fi bò ó.

Onílẹ̀dú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí katakata yẹn wọlé o. Mo bẹ yín.

A ṣe é rí. Ó wọlé láàárọ̀, nígbà tó di ọ̀sán ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo wa ń ya fọ́tò. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi dúró síbẹ̀ bí ẹni dúró de mọ́tò, ilẹ̀ tí táyà ti tẹ̀ le gbagidi ò mu omi mọ́, ilẹ̀dú tó wà lókè ni wọ́n ti wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọ̀gbàrá sì gbé lọ. Ọdún méjì gbáko ká tó tún rí ekòló níbẹ̀. Ọkọ́, ṣọ́bìrì, bárò, kẹ́ ẹ máa ṣe é ní díẹ̀díẹ̀, ó tó.

Ẹ sì yẹ ilẹ̀ náà wò kẹ́ ẹ tó gbin ohun tẹ́nu máa jẹ. Ògiri àtijọ́ tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, tí wọ́n bá ti kùn ún lọ́dà láyé àtijọ́, òjé, tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú ọ̀dà náà, á sì ti ṣí wálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Bákan náà ni ilẹ̀ tó bá súnmọ́ títì, pẹtiróòlù tó ní òjé nínú, 2021 ni mọ́tò tó jáwọ́ nínú ẹ̀ pátápátá láyé, Algeria ló kẹ́yìn. Òjé kì í jẹrà, ibi tó bá dà sí ló máa wà. Ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ ẹ lọ sí lábù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí owó ò bá sí, ẹ gbin òdòdó sítòsí ògiri, kẹ́ ẹ wá gbin ẹ̀fọ́ sínú ebè pákó tí nọ́ọ̀sì sọ, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ gbé wá láti ibi tó mọ́.

Ìgbẹ́ adìẹ àti ti màlúù, ẹ má gbé e tútù sí ebè ẹ̀fọ́. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, ewé kó pọ̀ jù ú lọ dáadáa, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i padà. Tó bá jẹrà bó ṣe yẹ, àárín ẹ̀ á gbóná kọjá 55°C, tẹ́ ẹ bá ki irin bọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ fà á yọ, ẹ ò ní lè dì í mú pẹ́. Ooru yẹn ló ń pa kòkòrò àrùn. Ẹ wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó kó o, ẹ fi nǹkan bo imú, pàápàá àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ò le. Kí gbogbo ẹni tó máa fọwọ́ kan ilẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, inú ilẹ̀ ni kòkòrò àrùn yẹn ń gbé. Lárà, ẹ hú u dànù tẹ́ ẹ bá rí i níbẹ̀, irúgbìn ẹ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀, ọmọdé àti àgbà tí iyè ẹ̀ ń ra á fẹ́ fi sẹ́nu, májèlé burúkú ni. Igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní oleander náà, ẹ hú u, bó ti wù kí òdòdó ẹ̀ rẹwà tó.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé.

Ìyá_Ọlọ́gbà, ta ló fún yín? Ṣé ẹnu lásán ni? Ọdún mélòó? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i, torí ọjọ́ tí ibẹ̀ bá dáa tán ni olówó máa rí i. Ní New York, ọgbà àdúgbò tó lé ní 100 ni ìjọba ìlú fẹ́ gbé ta ní gbàǹjo ní 1999, àwọn tí aráàlú fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe láti orí ààtàn, àfìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ kan dá owó tí wọ́n rà wọ́n kí wọ́n tó bọ́. Àwa ò rí ẹni ra tiwa padà ní tèmi, ilé ìtajà ló wà níbẹ̀ báyìí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tẹ́ni náà bá rìnrìn àjò ni ọgbà máa kú. Ẹ tún mọ ẹni tó máa bomi rin ín lóṣù kẹta, torí oṣù àkọ́kọ́ kò sẹ́ni tí kì í wá.

Ìyá_Ọlọ́gbà

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin èèyàn mi, mo tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, mo gbé e lọ sí mítìnì.

Mo ṣe ohun tí Nọ́ọ̀sì_Àgbà sọ, mo lọ jókòó pẹ̀lú wọn ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Mi ò rẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀fọ́ nínú wọn o! Bàbá kan ní àga kan lábẹ́ igi lòun fẹ́, àga tí kò kọjú sí géètì, torí ó ti sú òun kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá máa bi òun pé ara ńkọ́. Ìyá kan tí ojú wọn ò ríran mọ́ ní kí n gbin nǹkan olóòórùn sí etí ọ̀nà kí àwọn lè fi mọ ibi tí àwọn dé. Mi ò bá má ronú kàn án láé. Efinrin sí ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, koríko ọba sí ibi tó ti yà, wọ́n ní ó ti tó àwọn.

Igi méjèèjì dúró. Katakata ò wá mọ́. Ebè mẹ́rin la máa fi bẹ̀rẹ̀, ògiri máa wó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwé ilẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan tó ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé (Akọ̀wé ẹ bá wa gbàdúrà). Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Alága jà títí lórí igun àìgbá, nígbà tó yá ó ní òun fún un ní oṣù mẹ́ta, tóun bá rí ejò kan ṣoṣo òun máa fọwọ́ ara òun gbá a. Òun náà ló tún lọ ra okùn tá a máa fi yí i ká.

Pátákó ló kù. Ọmọ mi kọ ọ́: Ẹ MÁ GBÁ IBÍ, ó wá ya ejò ńlá kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Mo ní kó pa ejò yẹn rẹ́ kí alága tó rí i.

Alágídí

Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ jàre, òun ló máa jẹ́ kí wọ́n má gbá a.